Ẹrù òkè ìrì dídì mi: iṣẹ́ ìgbà ooru

Sátidé àkọ́kọ́, oṣù Karùn-ún
Ìrì dídì ṣì wà lórí òkè níbí ní Colorado, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gun òkè ti gbé síkíì, pátákó tí a fi ń yọ̀ lórí ìrì dídì, kọ́. Mo tú báàgì palẹ̀. Transceiver, ẹ̀rọ rédíò kékeré tí a fi ń wá ẹni tí ìrì dídì bò mọ́lẹ̀, ni mo kọ́kọ́ mú, mo yọ bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mi ò yọ wọ́n. Nígbà tí mo máa ṣí i ní oṣù Kọkànlá, bátìrì ti jò, ó ti gbẹ mọ́ irin inú rẹ̀, ó funfun bí iyọ̀. Mo fi òwú àti fínígà díẹ̀ nù ún, ó sì tàn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo dá a padà fún àwọn tó ṣe é kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òkìtì ìrì dídì bá ya bo ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀, ohùn rédíò 457 kHz tí tiwọn ń fọ̀ ni tèmi yóò gbọ́ tí màá fi rí wọn. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá, ìrètí ti ń tán nìyẹn.

Bátìrì alkaline, èyí tí a kì í ṣáájì, nìkan ni mo ń fi sí i. Bí mo bá fi èyí tí a máa ń ṣáájì sí i, nọ́ńbà tó ń sọ iye iná tó kù kò ní ṣeé gbà gbọ́.

Ọjọ́ kejì
Ṣọ́bìrì: mo fi omi fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́. Kò ní wàhálà.
Ọ̀pá tí a fi ń gún ìrì dídì wá ènìyàn, 240 cm: okùn tó so ó pọ̀ ti ń ya fọ́nrán ní oríkèé kẹta. Mi ò ní ta kókó sí i. Màá ra òmíràn.

Oṣù Kẹfà
Mo gbé báàgì afẹ́fẹ́, èyí tó ń wú kí ìrì dídì tó ya má baà bo ènìyàn mọ́lẹ̀, kọ́ ẹ̀yìn, mo fa okùn rẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀! Ó wú rọ̀bọ̀tọ̀, kò sì jò. Inú mi dùn pé ọwọ́ mi mọ ibi tí okùn yẹn wà láìwò ó. Agolo afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ṣófo báyìí, mo ní láti rọ afẹ́fẹ́ kún un kí oṣù Kẹwàá tó dé.

Mo tẹ ẹ̀gbọ́n láago: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti yọ bátìrì tiyín?" Wọ́n ní ó tó ọdún méjì tí wọ́n ti ṣí i gbẹ̀yìn. Mò ń lọ sílé wọn ní Sọ́ńdè, màá mú òwú àti fínígà dání.