Ẹ Wá Omi Kí Ẹ Tó Mọ Ilé Òṣìṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́nà Odẹ́dá

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó ṣì ń dùn mí wọra. Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lóko, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Tí wọ́n bá ń ti Abẹ́òkúta wọ ọ̀kadà wá lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ ló ń jẹ owó oṣù wọn, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ò fi ní rí wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ yàrá mẹ́wàá sẹ́yìn oko adìyẹ wa, kí kálukú máa san owó tí kò ní ni ín lára.

Ilé yẹn dáa, mi ò ní parọ́. Yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, àgbàlá wà láàárín, kí ìyá ọmọ lè máa rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń dáná. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ di bíríkì, la fi mọ ọ́n. A sì na òrùlé síta kí òjò má baà máa lu ògiri. Àwọn kan ń sọ pé ahun ló jẹ́ kí n lo ilẹ̀. Irọ́ ni. Ògiri yẹn ò sán níbì kankan títí dòní.

Omi ni mi ò wá.

Mo rò pé tá a bá kọ́lé tán, a ó gbẹ́ kànga. Àwọn agbẹ́kànga gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, wọ́n kan òkúta. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ bàtà 9, òkúta. Mo yáwó, mo pe àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù.

Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń lu ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó wọlé nígbà yẹn, wọ́n to kẹ́ẹ̀gì wọn. Ìyá kan tó ń ṣa ẹyin lọ́dọ̀ wa ti fọ tirẹ̀ mọ́ tóní-tóní, ó ní omi àkọ́kọ́ lòun máa fi wẹ ọmọ-ọmọ òun. Eruku tó rí bí eérú ló ń tú jáde. Mítà 40, eruku. Mítà 60, eruku. Ó bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bo kẹ́ẹ̀gì, ó bo irun mi. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá wọn pa ẹ̀rọ, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Òkúta ni títí dé ìsàlẹ̀.” Ìyá yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó fi ìdí ìró nu eruku ara kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó gbé e padà sí yàrá lófìfo. Mẹ́rin nínú wọn kó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Òun náà wà lára wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pe bíríkìlà, kí ẹ tó ya àwòrán ilé, ẹ wá omi. Irú òkúta Olúmọ, tó gba àwọn Ẹ̀gbá là lọ́wọ́ ogun nígbà tí wọ́n tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1830, náà ló wà lábẹ́ oko wa. Omi kì í sí nínú èyí tó le gbagidi. Inú ibi tó ti jẹrà lókè rẹ̀ àti ojú ibi tó bá sán ló máa ń wà. Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán iná mànàmáná sínú ilẹ̀, torí ibi tó lómi máa ń jẹ́ kí iná kọjá ju òkúta gbígbẹ lọ. Ẹ sanwó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Omi yìí kan náà ló ba ìṣirò bíríkì wa jẹ́. Bíríkì tí a tẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó le dáadáa, omi táńkà la sì ń rà. Gbogbo ohun tí ilẹ̀ pupa bá wa dín kù, táńkà kó o lọ. Ṣaláńgá náà ńkọ́? Ó yẹ kó jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn nígbà tí kò mọ ibi tí kànga máa wà? Omi, omi, omi ni.

A ti rí i báyìí. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ tó ń rán iná sínú ilẹ̀ yẹn wá rí ibì kan nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, a gbẹ́ ẹ, a gbé táǹkì sókè, méjì ti padà.

Ìyá aṣẹyin yẹn ò tíì dé. Mo ti ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sọ fún àwọn tó kù pé kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá rẹ̀.