Àṣá Reading, Igún Iléṣà

Ọ̀sẹ̀ tí a kó dé ilé tí à ń gbé báyìí ní Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rí ìyá àgbàlagbà tó múlé tì wá tí wọ́n ń ju ẹran sórí koríko ẹ̀yìnkùlé wọn. Mo rò pé ajá ni wọ́n fẹ́ fún. Kò pẹ́, òjìji kan kọjá lára ògiri. Mo gbójú sókè: àṣá! Ọ̀kan já wálẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, wọ́n fi èékánná gbé ẹran, wọ́n sì lọ. Inú ìyá náà dùn bí ẹni tí àlejò rẹ̀ jẹun yó. Èmi tí mo dàgbà ní Ìjọfì, Iléṣà, níbi tó jẹ́ pé bí àṣá bá ti yọ, gbogbo ọmọ agbolé á figbe ta, a ó máa lu páànù, a ó máa sọ òkò kó má baà gbé òròmọdìẹ lọ, mo dúró lójú fèrèsé, ẹnu mi ò padé.

Lálẹ́ mo pe Màámi.

“Màámi, wọ́n ń fún àṣá lẹ́ran níbí o.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Tútù àbí sísè?”

“Tútù ni, mà.”

“Háà. Ṣé kò sí òròmọdìẹ lọ́dọ̀ yín ni?”

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ìtàn àṣá wọ̀nyí. Oríṣi tí ìrù rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú ni, ìrù náà sì là bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ló pa á run ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n fún un ní májèlé jẹ, ó fi ku ìwọ̀nba péréte ní Wales. Nígbà tó di 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ẹyẹ láti ibòmíràn, pàápàá Sípéènì, wá tú sílẹ̀ ní àwọn òkè Chilterns tí kò jìnnà sí wa. Ní báyìí, bí o bá jáde lọ sá aṣọ, ó ṣòro kí o má rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń rá bàbà lókè. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹyẹ tilẹ̀ ń kìlọ̀ pé ká má fún wọn lẹ́ran, nítorí ẹran tí kò légungun ń sọ egungun ọmọ wọn di ẹlẹgẹ́. Mo sọ fún ìyá náà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ṣì ń jù ú. (Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ, ahọ́n mi kọ̀ ọ́. “Màmá” ni mò ń pè wọ́n.)

Igún ló wá ń dùn mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a kì í wá igún tì níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Iléṣà. Wọ́n á tò sórí òrùlé láàárọ̀, wọ́n á na ìyẹ́ sóòrùn bí ẹni sá agbádá, wọ́n á máa retí ìfun. Ta ló ń náání igún? Nígbà tí mo lọ sílé ní Kérésì 2023, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rí ẹyọ kan. Mo bi alápatà kan léèrè, ó rẹ́rìn-ín: “Bọ̀dá, ọjọ́ wo lẹ ti kúrò nílé?”

Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti ka igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tí ìparun rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí jù lọ. Àwọn kan ń wá orí rẹ̀ fún oògùn, májèlé tí wọ́n dẹ fún ẹranko mìíràn ń pa á, igi gíga tó ń tẹ́ ìtẹ́ sí sì ń di pákó. Bẹ́ẹ̀ àwa la ní òwe pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Èèwọ̀ wa ló ń ṣọ́ igún kí ìjọba kankan tó dé. Èèwọ̀ ti rọ̀ lọ́wọ́ wa, òfin kò sì tíì dé ìsọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ká fi ti ẹyẹ sílẹ̀, ká bọ́ sórí ajá. Tanímọ̀la ni ajá wa ní Ìjọfì ń jẹ́. Aládùúgbò kan tó ń fi ilé alájà yangàn ni bàbá mi tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti ń kọjá, bàbá á pe ajá tí kò ṣẹ̀, tí kò rò. Ìyókù èbà àti egungun ni oúnjẹ Tanímọ̀la. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gún ajá àdúgbò lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi nìkan ló ń fojú kan dókítà.

Ti Reading ní ìwé ju èmi lọ. Ẹ̀rọ kan tó tó hóró ìrẹsì wà lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí kọ̀ǹpútà. Òfin ni fún ajá láti 2016, àwọn ológbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2024. Ó ní ìnṣọ́ránsì. Owó tí mo san lọ́dún tó kọjá kí wọ́n tó fọ eyín rẹ̀, n kò ná irú ẹ̀ sórí eyín tèmi rí. Láràárọ̀, èmi ọmọ Ọwá, èmi náà ni mò ń bẹ̀rẹ̀ lójú títì, tí mò ń fi ọ̀rá kó ìgbẹ́ ajá gbígbóná. Màámi rí i lójú fóònù lọ́jọ́ kan. “Ìwọ ni? Ìwọ náà ni?” Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi so ọ̀rá náà.

Síbẹ̀, Tanímọ̀la mọ Ìjọfì dé Ìṣọ̀kùn. Ó lọ́rẹ̀ẹ́, ó lọ́tàá, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe lóru. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, òun nìkan ló ń wà nínú ilé bí a bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi imú kan gíláàsì. Bí wọ́n bá ní kí àwọn méjèèjì ṣe pàṣípààrọ̀, mo rò pé ti Reading á gbà kíákíá, títí oúnjẹ alẹ́ yóò fi dé.

Ìgbín ló tún kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin gbé àpótí kan wálé láti ilé ìwé, ó ní òun ni ó kàn láti tọ́jú ẹranko kíláàsì lásìkò ìsinmi. Mo ṣí i: ìgbín! Ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà, lórí erùpẹ̀ tútù, pẹ̀lú kùkúńbà àti èèpo ẹyin lílọ̀ kí karawun rẹ̀ lè le. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ojú mi kàn lọ sí ata tó wà lórí tábìlì ni, ọmọ náà sì rí i, ó gbá àpótí mọ́ra. Màámi rẹ́rìn-ín títí, ohùn wọn wá rẹlẹ̀: àwọn ò rí ìgbín rà lówó pọ́ọ́kú mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá dá lálẹ́, àwọn obìnrin á tan fìtílà wọ oko kòkó, wọ́n á ṣà á kún apẹ̀rẹ̀. Oògùn koríko ti gbalẹ̀ báyìí, wọ́n ń sun igbó, òjò tó sì yẹ kó rọ̀ ní oṣù kẹta ń rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, á tún lọ fi ara pamọ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ìgbín á dí ẹnu karawun pa, á sùn títí omi á fi dé. Bí iná bá wá bá a lójú oorun ńkọ́?

Oṣù keje 2022 ni mo mọ̀ pé ooru Òyìnbó kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Ní ọjọ́ 19, ooru dé ìwọ̀n Celsius 40.3 ní Coningsby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà yóò kọjá 40. Iléṣà kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀, ilé Òyìnbó sì rèé, wọ́n kọ́ ọ láti di ooru mú ni. Wọ́n ní ká fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan títì fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Bí ọwọ́ rẹ kò bá gbà á, kí ajá má tẹ̀ ẹ́. Màmá gbé àwo omi sílẹ̀ fún ẹyẹ. Wọ́n ní kí n bá àwọn gé ihò ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 13 sídìí ọgbà, kí ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré kan tó jọ òòrẹ̀ lè gbabẹ̀ wá mu omi. Ní Iléṣà, ihò ara ọgbà, olè ló ń pè. Òòrẹ̀ gidi tó bá sì ya agbolé wa, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni yóò gbà jáde. Mo gé e.

Ọ̀rọ̀ tí n kì í fẹ́ sọ ló kù. Nígbà tí mo fẹ́ fi kọnkéré bo iwájú ilé mi ní Reading kí n lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí, wọ́n sọ fún mi pé láti 2008, bí ibi tí mo fẹ́ bò bá ti ju mítà onígun mẹ́rin 5 lọ, tí omi kò sì ní lè gba inú rẹ̀ wọlẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ gbàṣẹ. Mo fi koríko sílẹ̀. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, èmi kan náà ni mo fowó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo agbolé Màámi, kí ó lè bójú mu bíi ti ẹgbẹ́ mi. Wọ́n gé igi agbálùmọ̀ tí àdán ń wá jẹ èso rẹ̀ lóru. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí òjò dé, ọ̀gbàrá gba ẹnu ọ̀nà wa, ó ya ilé aládùúgbò. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ilẹ̀ náà gbóná débi pé adìẹ ń lanu sílẹ̀ mí hẹlẹhẹlẹ, Màámi ò sì lè jókòó síta lọ́sàn-án mọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí ọmọkùnrin kan wá hú ìlà mẹ́rin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n gbin ewúro síbẹ̀, wọ́n sì gbin agbálùmọ̀ kan. Ó ti ga dé orúnkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí: àṣá ti tún gbé òròmọdìẹ kan.

“Ẹ ò sọ òkò ni, mà?”

“Mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n ò fojú sùn ún.”