Líle kọ́ ló ń so iṣan ìka

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù, kì í ṣe ìjà. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi kọ́ abẹ́ fóòmù, ó dún tá. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, àmọ́ oríkèé tó sún mọ́ èékánná tẹ̀ wálẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ kejì gbé e, á nà. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á tún tẹ̀.

Ní ọsíbítù, wọ́n kọ́kọ́ ya X-ray, torí iṣan tó ń na ìka lè já lásán, ó sì lè fa ẹ̀rún eegun dání. Tèmi, iṣan nìkan ni. Wọn ò la ọwọ́ mi. Ike pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n fi gbé orí ìka náà dúró, wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ẹ́. Oríkèé àárín ìka ṣì ń ká, òun ló jẹ́ kí èmi télọ̀ Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, yìí ṣì lè di sísọ́ọ̀sì mú.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ń lo ike náà, tọ̀sán tòru. Ibi tó le rèé: bí orí ìka bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣan tó ń so bọ̀ lè tún já, ẹ óò sì bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Bí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́, mo máa ń tẹ́ ìka pẹrẹsẹ sórí tábìlì kí n tó yọ ike, máa nù ún gbẹ, máa dá ike padà, ìka ò ní kúrò lórí tábìlì. Bí omi bá dúró lábẹ́ ike, awọ á funfun, á máa bó. Ṣíbí ni mo fi ń jẹ láfún. Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó, ta ló sọ ẹ́ di òyìnbó?”

Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi ọparun dì í le dan-in. Mi ò bú àwọn tó ń to eegun, àmọ́ ìdì tó bá fún jù ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, wọ́n sì ti gé ọwọ́ ọmọdé nítorí ẹ̀. Ẹ tètè yọ òrùka kí ìka tó wú. Ẹ tẹ èékánná, kí ẹ fi í sílẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó padà ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí ìka bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ tú u, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsíbítù.

Ẹ má fi tèmi ṣe òṣùwọ̀n o. Bó bá jẹ́ oríkèé àárín ló fara pa, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dì í.

Nígbà tí wọ́n ní kí n yọ ike náà, mo ṣì ń fi sùn lálẹ́ fúngbà díẹ̀. Ìka náà ò nà tán bíi ti tẹ́lẹ̀, dókítà sì ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.