Èròjà tó ń mú adìyẹ tóbi, tó ń gé ẹ̀mí eku kúrú

Ẹnikẹ́ni tó bá ń po oúnjẹ adìyẹ tà bíi tèmi mọ methionine dáadáa, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì. Àgbàdo àti sóyà ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń lọ̀, methionine inú wọn kò sì tó adìyẹ, la ṣe ń ra ti inú àpò, tí à ń wọ̀n ọ́n mọ́ ọn. Tó bá dín, bíróílà á kéré, ìyẹ́ rẹ̀ ò ní kún, oníbàárà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Èròjà yìí kan náà ni Orentreich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dín kù nínú oúnjẹ eku, láti 0.86 nínú ìdá 100 wá sí 0.17. Ìwádìí wọn jáde ní 1993. Ebi ò pa àwọn eku náà o, bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń jẹ. Síbẹ̀, ẹ̀mí wọn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 gùn ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àmọ́ wọn ò tóbi. Ti McCay ní Yunifásítì Cornell lọ́dún 1935 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, níbi tí wọ́n ti dín oúnjẹ eku kù lápapọ̀. Ti 1993 yìí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí èròjà kan ṣoṣo ló ṣe é.

Ẹ wá wo ti eṣinṣin èso, tí Grandison, Piper àti Partridge ṣe ní London, tó jáde ní 2009. Eṣinṣin tí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ ò pọ̀. Wọ́n dá methionine nìkan padà: ẹyin pọ̀, ẹ̀mí ò kúrú. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn èròjà purotéènì yòókù tí ara ò lè dá ṣe mọ́ ọn ni ẹ̀mí tó kúrú. Àkàtúnkà ni mo ka ibẹ̀. Àṣé ẹyin àti ẹ̀mí gígùn lè jọ wà, bí ìwọ̀n èròjà bá bára mu!

Àǹtí mi kan ti ń fi irú ìwádìí báyìí rọ ìyá mi pé kí wọ́n fi ẹja àti ẹ̀wà sílẹ̀. Mi ò gbà rárá. Inú kéèjì ni eku yẹn ń gbé, ibi mímọ́ tónítóní, kò sí ibà, kò sí àtẹ̀gùn tó ń gùn. Àgbà tí iṣan rẹ̀ ti ń dín kù nílò purotéènì kó má baà ṣubú. Ọmọ tó ń dàgbà ńkọ́?

Lọ́dún 2023, àwọn Lamming ní Yunifásítì Wisconsin dín isoleucine, èròjà purotéènì mìíràn, kù fún èkúté. Ẹ̀mí akọ fi ìdá 33 nínú 100 gùn, ti abo fi 7 péré. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn ni mo ń wá kà báyìí.