Ta Ló Ní Kó Yọjú Wo Ẹnu Rọ́bà?

Ẹ̀fẹ̀ kan wà tó ti lé ní 130 ọdún tí kò tíì gbó. Bàbá kan ń fi rọ́bà bomi rin ọgbà. Ọmọ kan yọ́ wá sẹ́yìn rẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, omi dá wáí. Bàbá yí ẹnu rọ́bà sójú ara rẹ̀, ó ń wo inú ẹ̀. Ọmọ gbẹ́sẹ̀. Omi bú jáde, fìlà bàbá já bọ́.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ló fi í ṣe fíìmù nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1895. Ó wà lára fíìmù 10 tí wọ́n fi han àwọn tó sanwó wọlé ní Paris, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bàbá yẹn kì í ṣe òṣèré o: François Clerc tó ń bá ìdílé wọn tọ́jú ọgbà gan-an ni wọ́n ní kó bọ́ síwájú. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún sì dàgbà ju fíìmù lọ, torí ayàwòrán ará Faransé kan tó ń jẹ́ Christophe ti yà á sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé lọ́dún 1889.

Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù kì í ṣe ti omi rárá. Ọmọ ná pápá bora, bàbá lé e bá. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń yà wọ́n ò kúrò lójú kan, ni bàbá bá kọ́kọ́ wọ́ ọmọ padà síbi tí ojú wa ti lè tó o, kó tó na ìdí ẹ̀. Ìyẹn mọṣẹ́!

Èmi ò ríyẹn gbé ṣe. Mò ń fọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, ó dá. Mo gbọn ọ́n, pàbó. Mo wo ẹnu ẹ̀rọ omi, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo bá gbé ẹnu rọ́bà sójú ọ̀tún, mo di tòsì, bí ẹni tó ń yọjú wo ihò kọ́kọ́rọ́. Inú ẹ̀ dúdú kirikiri. Mo gbọ́ tí nǹkan ń ṣe sììì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn mi lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì. Ibi tí táyà iwájú dúró lé, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Mi ò gbójú kúrò tí mo fi pariwo: “Ìwọ, sáré wá bá mi wo nǹkan yìí!”

“Yẹ̀ẹ́sà!”

Ọmọ tó gbọ́ràn. Ó ti kẹ̀kẹ́, ó ń bọ̀. Omi gba imú wọlé, ó gba ẹnu, ó gba ọrùn ẹ̀wù dé ìdodo. Ìyàwó mi kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni, kò lè mí.

Ta ni kí n nà báyìí? Ọmọ tá a pè tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹjọ́ wo lèèyàn fẹ́ bá a rò? Ó dúró tì mí, bisikíìtì lẹ́nu, ó wo omi tó ń kán nírùngbọ̀n mi, ó ní:

“Bọ̀dá, kí lẹ ní kí n wá wò?”