Mọ́tò wa ti Sátidé

Aago mọ́kànlá ti kọjá, gbogbo ilé ti sùn, èmi nìkan ló kù ní pálọ̀ tí mò ń tẹ fóònù, torí ọ̀rọ̀ yìí, tí mi ò bá gbé e kalẹ̀ síbì kan, oorun ò ní kùn mí.

A lọ Òṣogbo lónìí. A háyà mọ́tò bá a ṣe máa ń ṣe, a gba Ìwó Road n'Ìbàdàn jáde kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a dé igbó Ọ̀ṣun, a jẹun, a délé láyọ̀, táyà ò jò, ọmọ kankan ò bì. Ọjọ́ náà nìyẹn. Ìyẹn kọ́ ló gbé mi jókòó.

Ohun tí Kékeré ọmọ mi sọ ni.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì níwájú géètì igbó yẹn ni, mo ń wá sílípáàsì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú bọ́ọ̀tù, òun àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ máa ṣe ẹgbẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ọmọ yẹn bi í pé, "Ṣé mọ́tò yín nìyí?" Kékeré ò tiẹ̀ ronú sí i, ó ní, "Ẹ̀n, mọ́tò wa ni. Mọ́tò wa ti Sátidé." Ọmọ yẹn ní, "Èwo ni tàwọn ọjọ́ yòókù?" Ó ní, "Àwọn ọjọ́ yòókù, Micra akérò la máa ń wọ̀." Ọmọ yẹn mi orí bíi pé ó yé e pátápátá, ni àwọn méjèèjì bá sáré lọ wo ọ̀bọ.

Èmi wá dúró síbẹ̀, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ mi.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n pè é padà kí n sọ fún un pé irọ́ ò dáa. Màámi ò ní jẹ́ kí irú ẹ̀ kọjá lọ. Tá a bá yá aṣọ ọ̀rẹ́ wọ̀ lọ sóde nígbà tá a wà ní kékeré, tá a bá padà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ ò yẹ ọmọ èèyàn, bí ò fún un lápá, á ṣò ó lọ́rùn. Ìyẹn ló ṣáà ń dún sí mi létí bá a ṣe ń wọnú igbó lọ, kódà ẹni tó ń mú wa kiri ti ń sọ ìtàn Lároòyè àti Olútìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó fáwọn ọmọ, bí igi tí wọ́n gé ṣe ṣubú sínú odò tí ohùn kan wá ké jáde látinú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán, mo ń gbọ́ ọ ni o àmọ́ mi ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe àgbàwọ̀ náà kẹ̀. Owó la fi gbà á. Owó tá a kó jọ fún oṣù kan gbáko, tí mo yọ nínú owó ọjà, tí bàbá wọn yọ nínú tiẹ̀, a sì tún ra epo sí i, epo tó jẹ́ pé ká tó yọ owó ìrànwọ́ lórí ẹ̀ ní 2023, owó tá a san lónìí yìí máa gbé wa lọ Òṣogbo lọ bọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́, kò sẹ́lòmíì tó lè wọ mọ́tò yẹn láyé yìí àfi àwa. Kí wá ni kì í ṣe tiwa níbẹ̀?

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mi ò gbà á gbọ́ mọ́.

Torí bàbá wọn ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, kò jìnnà, ó kẹ̀yìn sí wa, àmọ́ etí ọkùnrin yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ìgbà tá a ta mọ́tò tiwa, ẹ sì mọ ohun tá a fowó ẹ̀ ṣe, mi ò ní padà síbẹ̀. Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín rí ni ti key holder. Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, aláwọ búráùn yẹn, etí ẹ̀ ti rà, ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ti pa rẹ́. Ní gbogbo Sátidé tá a bá gba mọ́tò, kó tó sítáàtì mọ́tò rárá, á jókòó, á sún síìtì sẹ́yìn, á tún gíláàsì ṣe, á wá yọ key holder yẹn lápò, á fi èékánná àtàǹpàkò la irin ẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ onímọ́tò kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gba òwú. Kò sí nínú àwọn ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ títí á fi ṣe é tán. Lálẹ́, tá a bá páàkì sẹ́nu ọ̀nà onímọ́tò, á tún fi èékánná kan náà là á, á yọ ọ́, á fi sápò. Èékánná yẹn ti sán. Mo ti ní kó jẹ́ kí n máa fi ọ̀bẹ bá a là á, ó ní rárá.

Nítorí náà ta ló kọ́ Kékeré pé tiwa ni? Àwa náà la kọ́ ọ.

Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ gan-an. Ṣé kó sọ pé "rárá o, a kàn háyà ẹ̀ ni"? Ọmọ ọdún méje. Inú mi á dùn síyẹn ni? Kò ní dùn. Á tún wá dùn mí lọ́nà míì.

Ẹ jẹ́ n sọ ti dòdò Ìkirè jàre, kí ojú mi gbẹ. Bá a ṣe ń bọ̀, lẹ́yìn Àpòmù, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ń pariwo kó tó di pé a dé Ìkirè, a ò tíì dúró dáadáa tí obìnrin mẹ́ta ti sáré bá wa, kálukú na tiẹ̀ wọlé lójú fèrèsé. Ó gbóná, ó dúdú, ata ẹ̀ jó mi lọ́fun, epo pupa ń tọ́ sí wa níka, a jẹ ẹ́ bíi pé a ò jẹun láti àná. Bàbá wọn fi ọwọ́ kan wa mọ́tò, ó na ọwọ́ kejì sẹ́yìn kí wọ́n fi sí i fún un, ó sì ń kọrin. Ó ń kọrin! Mo wo ojú ẹ̀ nínú gíláàsì, mo ní tó bá jẹ́ pé ó gbọ́ ni, kò dùn ún. Àbí ó dùn ún débi tó fi ní láti kọrin. Mi ò mọ̀.

Nígbà tá a dé Aṣèjíre ló ní kí wọ́n wo omi. Ó ní omi tá a rí lábẹ́ afárá onírin tó ń mì yẹn nínú igbó nìyẹn o, Ọ̀ṣun kan náà ni, láti Òṣogbo ló ti ń bọ̀, Aṣèjíre yìí ni wọ́n ti sé e láwọn ọdún 1970 sí káwa ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní àbájọ tó fi pupa. (Ó pupa lóòótọ́, ẹrẹ̀ ni, wọ́n ní àwọn tó ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún ló fà á, ó bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo rí i, mo rántí bó ṣe mọ́ lójú nígbà tí kíláàsì wa wá síbẹ̀.) Kékeré wá ní, "Ṣé omi tiwa ni nígbà yẹn?" Bàbá wọn ní, "Tiwa ni. Tá a bá ti ṣí ẹ̀rọ tó yọ, tiwa ni."

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, mo yí ojú sí fèrèsé. Ó gbọ́. Mo mọ̀ pé ó gbọ́.

Mo tún rántí àwọn ère inú igbó yẹn. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ọmọ Austria, ó dé orílẹ̀-èdè wa ní 1950, Òṣogbo náà ló sì kú sí ní 2009, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ló mọ àwọn nǹkan ńláńlá wọ̀nyẹn, wọ́n sì ti fi igbó náà sára ogún àgbáyé láti 2005. Ta ló lè sọ pé igbó yẹn kì í ṣe ti Àdùnní? Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà. Mọ́tò ni mò ń sọ, ọjọ́ kan lóṣù. Àmọ́ ọkàn mi ń lọ síbẹ̀, mi ò lè dá a dúró.

Epo dòdò ta sí síìtì ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó rí i àfi ìgbà tá a délé. Bàbá wọn gbé ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù fún un, ó ń fọ̀ ọ́ yípo yípo, ó ń fi àǹkáṣíìfù fà á gbẹ, ó tún ń fọ̀ ọ́, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo ní, "Bàbá ẹ, ó ti lọ." Ó ní, "Ó kù díẹ̀." Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tá a ní tiwa, kò fọ síìtì báyìí rí.

Ìyẹn gan-an ni mò ń wá láti ìgbà tí mo ti jókòó, mo rò pé òun ni. Pé tiwa nígbà yẹn, a ò tọ́jú ẹ̀ tó báyìí. A kàn ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ìwé ni. Mi ò rántí Sátidé kan tá a fi gbé àwọn ọmọ jáde láìjẹ́ pé òkú kan tàbí ìyàwó kan ló pè wá.

Kí n sì tún sọ pé mo ṣì fẹ́ tiwa. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni text onímọ́tò wọlé: "Mummy, ẹ kú ìrìn o. Ẹ má bínú, wọ́n ti fowó sílẹ̀ lórí mọ́tò fún Sátidé yín lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi gbé ìyàwó." Sátidé yín, ó pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn níwájú, ọkọ àti ìyàwó á jókòó síbi tí epo dòdò wà.

Bàbá wọn ò tíì mọ̀. Ní ti Kékeré, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri kíṣìnì báyìí. Kó tó lọ sùn, ó ti fi bírò pupa yí ọjọ́ náà po. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yí i po.