Gíà ọ́tò tó ti pẹ́ nílẹ̀: ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí iná

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ gíà ọ́tò, ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an, ń gbìyànjú láti sáná sí ọkọ̀ kan tí wọ́n ti pa tì fún ọdún 6. Ẹ́ńjìnnì ti dáhùn, inú ẹ̀ ń dùn, ló bá ju lífà sí D, ojú ìrìn síwájú, ọkọ̀ ò mira, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iná, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré. Mo sáré débẹ̀, mo nawọ́ gba ojú fèrèsé, mo yí kọ́kọ́rọ́ pa. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀. Mi ò bínú sí i rárá, torí ibi tó fẹ́ tẹsẹ̀ bọ̀ yẹn, èmi ti já sínú ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Àkọ́kọ́: tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ má gba ohun tí géèjì gíà, irin tá a fi ń wọn ọ́ìlì ẹ̀, bá sọ gbọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọkọ̀ kan dé, ọdún 9 ló ti wà lábẹ́ tapólì, bàbá ẹni tó gbé e wá ló fi sílẹ̀ kó tó kú, ọmọ sì fẹ́ máa gùn ún. Ọ̀gá wa ò sí nítòsí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi dé ìdí iṣẹ́ ló ń darí wa. Mo fa géèjì yọ, mo nù ún, mo tún kì í bọ̀ ọ́, ọ́ìlì ti kọjá ojú àmì tó ìka 2. Ẹ̀gbọ́n yìí wò ó, ó ní ó ti kún jù, kí n fà á sílẹ̀, pé gíà tó bá kún jù á máa hó bí ọṣẹ. Òótọ́ sì ni, ọ́ìlì tó kún jù máa ń hó lóòótọ́. Mo fa bíi lítà 3 dànù títí ó fi bọ́ sójú àmì, mo nuwọ́, ọkàn mi balẹ̀.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, ọ́ìlì tó wà nínú torque converter, ìyẹn ìkòkò ọ́ìlì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú gíà, á máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ padà sínú sọ́ǹpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ gíà. Kì í ṣe pé ó kún jù. Tẹ́ ẹ bá ti sáná sí i, pọ́ǹpù á fà á padà sókè, géèjì á sì lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ti converter gan-an ni mo dà nù.

Mo sáná, mo jù ú sí D, kò lọ. Rìfáàsì, kò lọ. Pọ́ǹpù ń han fíìì bí ẹ̀fọn tó há séèyàn létí, mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé afẹ́fẹ́ ló ń fà. Ni mo bá tẹ iná. Ó kọ́kọ́ ń yọ̀, ó wá gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà, gbì! ọkọ̀ fò síwájú, ó tún yọ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbá a mú, nígbà tó yá kò mú nǹkan kan mọ́, òórùn yẹn wá jáde, òórùn ọ́ìlì jíjóná tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tá a tú gíà yẹn, dísìkì clutch iwájú, àwọn àwo tó ń di ara wọn mú kí ọkọ̀ lè lọ, ti jó di èédú, mo fọwọ́ rá a, ó ń rẹ̀ dànù. Àwọn dísìkì onírin tó wà láàárín wọn ti di aláwọ̀ búlúù nítorí ooru. Rọ́bà síìlì písítìnì ẹ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka 2, ó dá kẹ́ bí ike. Ọdún 9 ti gbẹ ẹ́. Rọ́bà tó bá ti le báyẹn ń jo pírẹ́ṣọ̀ dànù, clutch ò ní í lè di ara ẹ̀ mú dáadáa, tẹ́ ẹ bá wá tẹ iná mọ́ ọn, ńṣe lẹ̀ ń fi dísìkì ha ara wọn. Ká ní ọ́ìlì ẹ̀ pé ni, ká ní mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kó gbóná, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà yẹn rọ̀ díẹ̀, kí n sì rí i pé síìlì nìkan ló fẹ́.

Ọ̀gá dé, ẹ̀gbọ́n yìí ní òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń fa ọ́ìlì. Ó sọ ọ́ lójú mi. Oṣù 7 ni mo fi ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ kí n tó san owó gíà yẹn tán, mi ò tíì gbàgbé, mi ò sì ní í purọ́ pé kò dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ló dùn mí jù. Ó wọlé, ó jókòó síbi tí bàbá ẹ̀ máa ń jókòó, ó fa lífà láti P bọ́ sí D, ó dá a padà sí P, láìsí kọ́kọ́rọ́ nínú ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìkejì, mi ò mọ̀ bóyá ìkejì ni kí n pè é, bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo kàn fẹ́ sọ. Kí n tó sáná, mo máa ń wo àwọ̀ ọ́ìlì kí n sì gbóòórùn ẹ̀. Tó bá rí bíi mílíìkì tó pupa díẹ̀, omi ti wọ̀ ọ́, ibi redíétọ̀ ló sábà máa ń gbà wọlé, ẹ má wulẹ̀ wà á, omi máa ń bọ́ dísìkì lára. Mo máa ń tú sọ́ǹpù, mo máa ń pààrọ̀ fílítà, mo sì máa ń wo òòfà tó wà níbẹ̀: ẹrẹ̀ eérú tó kúnná ò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ èérún irin, ẹ tú gíà yẹn sílẹ̀. Ẹ rántí pé tí sọ́ǹpù bá gbẹ, ìdajì ọ́ìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lè wà nínú converter àti ara gíà yòókù. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá pè ni kẹ́ ẹ rọ, ẹ má sọ pé gbogbo ọ́ìlì pupa, ọ̀kan náà ni, Type F táwọn Ford àtijọ́ ń lò yàtọ̀ sí Dexron. Táwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí gíà wọn bá kọ̀ láti pààrọ̀ gíà, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì, wáyà ilẹ̀, àti ibi tí eku ti jẹ wáyà.

Tó bá wá di ìgbà ìsáná, N, ojú tí gíà ò ti mú nǹkan kan, ni mo ń fi í sí, torí TorqueFlite, gíà ọ́tò àtijọ́ ti Chrysler, kì í rọ ọ́ìlì sínú converter tó bá wà ní P. Mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìtẹ iná, mo máa ń fa lífà gba gbogbo ojú ẹ̀ kọjá, mo sì ń dúró díẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bá gbóná tán, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ni mo ń ka géèjì, àyàfi Honda tí wọ́n ní ká pa ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́.

Bá a ṣe ṣe ọkọ̀ tí ọmọ yẹn ń sáná sí lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. D dé lọ́jọ́ kejì, ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4 ronú kó tó mú. Rìfáàsì, tó nílò pírẹ́ṣọ̀ jù, kò dé títí dọjọ́ kẹta, ó wá rọra fa ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ọmọ yẹn gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ó ń wojú mi, mo ní kó dá a padà sí N, kó tún un ṣe.